Gọ́ọ̀mù Lórí Súkúrù

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ìgbéraga ṣe ń jókòó sórí àpótí, kó lọ sí ẹ̀yìnkùlé Télọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Aṣọ ló ń rán jẹun. Láti òwúrọ̀ ló ti ń rán ṣòkòtò àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àti yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé, ó sì mọ̀ ọ́n rán. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti pa ẹ̀rọ ìránṣọ báyìí, ẹ̀yìnkùlé ló kàn, nínú àgọ́ onípáànù tó kọ́ mọ́ ara ògiri, níbi tí àwọn ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń gé igi ti ń rọ̀ dirodiro lára ìṣó, òmíràn kò lórí, òmíràn kò nífun. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ yìí. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é. Ìyàwó rẹ̀ a máa ní ká ní òun mọ̀ pé orogún tó ń mu bẹntiróòlù ni òun máa bá nílé, òun ì bá ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Kì í kàn tún wọn ṣe, ó ń tún wọn dá ni. Bí ayùn bá dé ọwọ́ rẹ̀, yóò tú sàlẹ́ńsà rẹ̀, yóò hú gbogbo páànù tó ń dí èéfín lọ́nà nínú rẹ̀ dànù, kí ẹ́ńjìnnì náà lè mí. Yóò fi fáìlì onírin tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ ojú ihò tí èéfín ń gbà jáde, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ha èékánná. Ayùn tó bá ti ọ̀dọ̀ Télọ̀ jáde a máa gé igi bí ẹni gé ọṣẹ. Ariwo rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má bèèrè. Àwọn ará àdúgbò ti bẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n ti bú u títí, wọ́n sì ti fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Súkúrù ló wá sọ ọ́ di ọ̀gá pátápátá. Súkúrù kékeré kan wà lára kábúrétọ̀, òun ló ń pín epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Bí epo bá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á máa hùn bí ẹni tó jẹun yó. Bí epo bá kéré jù, á máa ké fíofío, agbára á dé sí i, á sì máa dùn létí aláìmọ̀kan. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń jóná lọ ni, kò sì ní pẹ́ tí písítìn, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀, yóò fi gan pa. Àárín méjèèjì ni òótọ́ wà. Àwọn kan ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá a rí. Télọ̀ ní etí. Yóò tẹ ẹ́ńjìnnì dé òpin, yóò dijú, yóò máa yí súkúrù náà bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ, títí yóò fi gbọ́ ohun tó ń fẹ́ gbọ́. Àwọn agégi sọ ọ́ ní Elétí Ehoro, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju Télọ̀ lọ. Nígbà tí ẹnì kan gbà á nímọ̀ràn pé kó máa fi nǹkan bo etí bó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rín ló fi í rín. "Kí n máa tọ́ ọbẹ̀ wò, kí n tún fi aṣọ di ẹnu?"

Etí ọ̀hún ti lọ. Kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ńṣe ló ń ṣá díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn. Kẹ́tù ló kọ́kọ́ sọ fún un. Ó jókòó tì í nínú kíṣìnnì, kẹ́tù ń súfèé, omi hó títí ó gbẹ, ìdí kẹ́tù jó dúdú, òun sì ń ka ìwé ìròyìn lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹyẹ òwúrọ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló kan ohùn àwọn obìnrin àti ti àwọn ọmọdé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ láti inú àgbá. Ẹ má rò pé kò mọ̀. Ó mọ̀ dáadáa. Ẹ̀rù ló ń bà á, nítorí kí ni yóò kù lára Elétí Ehoro bí wọ́n bá yọ etí kúrò? Ó wá kọ́ ọgbọ́n kan: bí àwọn èèyàn bá rẹ́rìn-ín, á rẹ́rìn-ín, bí wọ́n bá dákẹ́ tí wọ́n ń wò ó, á ní, "Ẹn-ẹn, ó dáa." "Mi ò gbọ́" kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìyàwó rẹ̀ ní kí àwọn lọ rí dókítà. Ó ní kí obìnrin náà yéé sọ̀rọ̀ sínú bí ẹni tí ebi ń pa.

Ká ní kí wọ́n kí i kó má gbọ́ nìkan ni, tirẹ̀ ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n igbe fíofío tó yẹ kó máa ṣọ́ ni igbe tí etí rẹ̀ kọ́kọ́ pàdánù. Gbogbo ẹ́ńjìnnì ló wá ń hùn létí rẹ̀, àfi bí ẹni pé epo ti pọ̀ jù fún wọn. Òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí súkúrù láti dín epo kù, á dín in, á tún dín in. Nígbà tí ohùn náà bá fi máa dùn létí tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti ń ké ẹkún ikú létí gbogbo ayé. Àwọn ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá pẹ̀lú písítìn tó ti ha yánnayànna. Kápẹ́ńtà kan gbé tirẹ̀ padà, olóko kan gbé tirẹ̀ padà. Télọ̀ ní epo ìlú ti bàjẹ́. Wọn ò bá a jiyàn. Wọ́n kàn dẹ́kun wíwá ni, ìyẹn sì burú ju iyàn lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù, àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Agégi nítorí pé iṣẹ́ tó yàn láàyò nìyẹn. Àwọn igi tó tẹ̀ sórí ilé, àwọn tó ń halẹ̀ mọ́ wáyà iná, òun ni wọ́n ń wá pè sí i. Agégi gbọ́ ohun tó ń ṣe ayùn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Etí tirẹ̀ pé, ó sì máa ń bo méjèèjì. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń dúró níwájú ẹ̀gbọ́n tó kọ́ ọ ní ìrìn, kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, etí yín ti kú"? Kò rí i sọ. Ohun tó ń ṣe ni pé yóò fi ọwọ́ méjèèjì gba ayùn náà, yóò dúpẹ́, yóò rìn títí dé kọ̀rọ̀ òpópónà níbi tí Télọ̀ kò ti ní rí i, yóò gbé e sórí òkúta, yóò yí súkúrù náà padà díẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ gbọ́, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ó lé lọ́dún kan tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó Télọ̀ ká a mọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń ti ìsọ̀ búrẹ́dì bọ̀.

"Ọkọ mi kékeré, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

Agégi dìde, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò bí ọmọ tí wọ́n bá lẹ́nu ìkòkò. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn. Nǹkan tó kù tó ń fún wọn láyọ̀ nìyẹn. Bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́."

Obìnrin náà rò ó títí. Ó ní òun gbọ́. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe fi ìfẹ́ bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ìfẹ́ ni, mi ò ní kì í ṣe ìfẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Igi ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó ti tẹ̀ sórí àwọn ilé tó tò tẹ̀ lé ara wọn. Gbòǹgbò rẹ̀ ti ń ṣí nílẹ̀. Wọ́n ní kí Agégi wá gé e kí ìjì tó ń bọ̀ tó bá wọn wó o. Ó gbé ayùn ńlá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí pé èyí kékeré kò lè dé àárín igi náà. Ṣéènì eléyín tó ń gé igi ló fẹ́ kó bá òun pọ́n. Télọ̀ pọ́n ṣéènì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe kó má dé ibi kábúrétọ̀. Ó tú ìdérí rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló sún mọ́ ọn, ó wò ó dáadáa, ojú rẹ̀ sì yí padà.

Lọ́jọ́ tó fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn, ó ti fi ọ̀dà èékánná ìyàwó rẹ̀ sàmì pupa kan sórí súkúrù náà, ó fi èkejì sára irin tó yí i ká, wọ́n kọjú síra wọn. Àmì méjèèjì ti pínyà báyìí.

"Ta ló fọwọ́ kan súkúrù mi?"

Agégi wo ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ó ní láti jẹ́ pé gbígbọ̀n ló yí i."

Télọ̀ kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí "gbígbọ̀n" lẹ́nu rẹ̀. "Gbígbọ̀n wo? Mo ti ń tún ayùn ṣe kí irùngbọ̀n rẹ tó hù. O gbé e fún ẹlòmíràn! O rí ẹni tó ń sọ fún ọ pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́, àbí?"

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Ta ni mo ní?"

Ìyàwó Télọ̀ wà nídìí okùn ìsáṣọ, aṣọ tútù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká jókòó, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká sọ." Agégi gbójú sókè wò ó, ojú náà ń bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà pa ẹnu dé, ó sì ń sá aṣọ lọ. Ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ì bá ti là á. Títí di òní ló ń bú ara rẹ̀ lórí aṣọ tútù yẹn.

Nígbà tí Agégi lọ tán, Télọ̀ tan ẹ́ńjìnnì náà, ó dijú, ó sì tún súkúrù náà yí sí bó ṣe dùn mọ́ etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fa tíúbù gọ́ọ̀mù líle yọ, irú èyí tí àwọn oníbàtà fi ń lẹ gìgísẹ̀, tó jẹ́ pé bó bá gbẹ tán, á di òkúta. Ó kán an sórí súkúrù náà títí ojú rẹ̀ fi dí. "Ó yá, ká wo gbígbọ̀n tó máa yí èyí," ó ní, inú rẹ̀ sì dùn. Nínú gbogbo àwọn tó ń tún ayùn ṣe láyé, mi ò rò pé ẹnì kan tún wà tó ṣe é rí. Súkúrù tí wọ́n ṣe pé kó máa yí, ó dè é mọ́lẹ̀ nítorí ìbínú.

Ní òwúrọ̀, Agégi wá gbé ayùn rẹ̀. Télọ̀ ní, "Mo ti tọ́jú rẹ̀ fún ọ. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án mọ́." Agégi rò pé ìkìlọ̀ lásán ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́, ó sì lọ; àwọn tó ń dúró dè é nídìí igi kò jẹ́ kó ráyè yà sí kọ̀rọ̀ òpópónà.

Télọ̀ ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò kan nígbà tí ẹnì kan já wọlé. Àgéré ni, ẹni tó máa ń bá Agégi fa okùn igi. Wọ́n ń fi orúkọ yẹn ṣẹ̀fẹ̀ ni, nítorí pé kúkúrú ni. Eruku bò ó. Ó ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ láti ilẹ̀ wá, ìpayà sì ti sọ ọ́ di súfèé. Télọ̀ rí ẹnu tó ń ṣí tó ń pa dé. Ó rò pé wọ́n ti gé igi náà tán ni, pé ayọ̀ ló gbé Àgéré wá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí.

"Ẹn-ẹn, ó dáa," ó ní. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Àgéré wò ó bí ẹni rí òkú tó ń rìn. Ìgbà yẹn ni ìyàwó Télọ̀ sáré jáde láti inú yàrá, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé orí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Télọ̀ kò gbọ́ igbe náà. Ó kàn rí i.

Ní ọsibítù, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ Agégi kí wọ́n tó jẹ́ kí àwọn ará ilé wọlé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, láti òkè orúnkún. Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ojú rẹ̀ ti funfun, oògùn sì ń kán lọ sí apá rẹ̀. Ayùn ló gan pa mọ́ àárín igi, nígbà tí igi náà kò tíì gé tán tí kò sì ṣeé fi sílẹ̀ mọ́. Níbi tó ti ń gbìyànjú láti fà á yọ ni atẹ́gùn ti fẹ́, igi náà là láti ìdí dé òkè, ó sì ta padà sẹ́yìn lu itan rẹ̀. Télọ̀ dúró tì í. Ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà á débi pé ó fẹ́ sá.

Agégi wò ó. Ó pe ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè rí i lẹ́nu òun. "Ẹ̀gbọ́n. Mo gbàgbé. Mi ò po ọ́ìlì mọ́ epo."

Bẹntiróòlù tí wọn ò po ọ́ìlì mọ́ a máa pa irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ara Télọ̀ rọ̀. Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ìtura bẹ́ẹ̀: níwájú àbúrò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lẹ́sẹ̀, inú ọkùnrin náà fúyẹ́. Kò tiẹ̀ mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí. "Ìgbà mélòó ni mo sọ fún ọ? Àìfarabalẹ̀ rẹ yìí! Ṣé mi ò sọ fún ọ?" Àwọn aláìsàn yíjú sí wọn. Agégi ní, "Ẹ má bínú," ó sì dijú. Ìyàwó Télọ̀ jáde lọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Àgéré gbé ayùn náà wá sínú àgọ́ lọ́jọ́ kejì, ó sì jókòó sórí àpótí. Télọ̀ ṣí ọmọrí ibi tí epo wà kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí àṣìṣe àbúrò rẹ̀. Ọ́ìlì tí wọ́n ń pò mọ́ epo ayùn máa ń kùn ún ní àwọ̀ ewé. Ó da díẹ̀ sínú ìgò. Ó gbé e sí oòrùn. Ewé ni, ó tutù yọ̀yọ̀, kò sí ohun tó kù tó yẹ kí wọ́n pò mọ́ ọn.

Ó tú ìdérí kábúrétọ̀. Gọ́ọ̀mù náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí bó ṣe fi í sílẹ̀. Wọ́n ti fi irin pẹlẹbẹ ha á láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, wọ́n ti gbẹ́ ẹ, wọ́n ti gún un, eteetí rẹ̀ ti kán, irin náà ti yọ̀ sínú kábúrétọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dá egbò sí i lára. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn fẹ́ yí súkúrù náà bí ẹni tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn ilé tó ń jó. Kò yí.

Àgéré ti mọ̀ báyìí pé etí ló ń ṣe Télọ̀. Ó dìde, ó ń pariwo: "Agégi gbọ́ igbe rẹ̀ lẹ́yìn tó tẹ̀ ẹ́! Ó ní ó ti ń ké jù! Okùn ti wà lórí igi, wọ́n ti dí títì, atẹ́gùn ti dé! Mo ní ká gbé e padà wá bá yín kí ẹ yọ gọ́ọ̀mù náà! Ó ní báwo ni òun ṣe máa sọ fún yín pé ẹ ò gbọ́rọ̀ mọ́! Ó ní ti ẹyọ igi kan yìí, òun máa wá ọgbọ́n dá sí i!"

Ìyàwó Télọ̀ sọ èyí tó kù fún un létí, ti kọ̀rọ̀ òpópónà, ti òkúta, ti ọdún kan ó lé. Bó ti ń sọ ọ́ ló ń sunkún. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá; Télọ̀ ti máa ń pa òwe yẹn fún àwọn ẹlòmíràn. Ó tú kábúrétọ̀ náà kúrò lára ayùn, ó fi aṣọ wé e, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn padà sí ọsibítù.

Ojú Agégi là nígbà tí wọ́n dé. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rí ohun tó tú sílẹ̀ nínú aṣọ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé irọ́ òun ti tú. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń sọ nǹkan. Télọ̀ ti tẹ̀ síwájú, "ẹn-ẹn" sì ti dé orí ahọ́n rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Mi ò gbọ́," ó ní.

Agégi wò ó. Télọ̀ tún un sọ.

"Àbúrò mi, mi ò gbọ́. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti gbọ́ mọ́. Mo mọ̀, mo sì ń yí súkúrù rẹ." Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Kí lo sọ?"

Agégi fèsì. Ìyàwó Télọ̀ gbé ẹnu sún mọ́ etí ọkọ rẹ̀, ó sì kígbe débi pé gbogbo wọ́ọ̀dù yíjú. "Ó ní òun ti mọ̀! Ó ní ẹ̀yin ni òun ń dúró dè, pé kí ẹ sọ ọ́!"

Kò sí àga nítòsí. Télọ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí aṣọ ìbora ti tẹ́ pẹrẹsẹ tí àyè wà.